Jọ́gíráfì kì í ṣe àjẹkù ẹ̀kọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni wọ́n gba ọmọbìnrin àbúrò mi sí yunifásítì. Lọ́ọ̀yà ni ọmọ náà fẹ́ dà, ẹ̀kọ́ òfin ló sì kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn sí òfin, nígbà tí orúkọ sì jáde, jọ́gíráfì ni wọ́n fún un. Ìyá rẹ̀ sunkún. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n rọra jókòó bí ẹni tó wá kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n ní kí a mú un mọ́ra, pé bó bá di àmọ́dún a ó gba fọ́ọ̀mù mìíràn, ẹnì kan nínú wọn sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan pé òun mọ ẹni tó lè bá wa yí i padà bí a bá tètè wá nǹkan dání. Mo jókòó sí igun pálọ̀, n kò fọhùn, nítorí pé jọ́gíráfì ni èmi fúnra mi kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ọdún 29 kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí n kò lè sọ láàárín àlejò lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde.

Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé jọ́gíráfì ni mo kà, ọ̀kan nínú ohun méjì ni mo máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kí n sọ olú-ìlú orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, bí n kò bá sì tètè dáhùn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín pé ìwé tí mo kà dà. Àwọn mìíràn á ní kí n wá bá wọn wọn ilẹ̀ tí wọ́n rà. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀ yẹn. Olú-ìlú ní tirẹ̀, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè há gbogbo rẹ̀ sórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ẹni tó ń ka jọ́gíráfì ń wá ni ìdí tí nǹkan fi wà níbi tó wà tí kò fi sí níbòmíràn, àti ohun tí wíwà tó wà níbẹ̀ ń fà: ìdí tí ọjà ọba fi ń wà níwájú ààfin, ìdí tí kòkó fi ń so ní Oǹdó tí kì í fi í ṣe dáadáa ní Ṣakí, ìdí tí omi fi ya ilé yìí tó sì fo ilé kejì dá.

Àwọn tó ti gbé Èkó pẹ́ yóò rántí Bar Beach ní Victoria Island, bí òkun ṣe máa ń kọjá àyè rẹ̀, tí yóò ya wọ títì Ahmadu Bello, tí ọkọ̀ kò ní lè kọjá. Àwọn kan sọ nígbà náà pé inú ló ń bí Olókun. N kò ní bá wọn jiyàn lórí Olókun, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí olùkọ́ wa kan yà sójú pátákó fún wa ní ọdún kejì wa, tí n kò sì gbàgbé láti ọjọ́ náà. Òkun etí Èkó a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán tòru, bí alábàárù tí kì í sọ ẹrù kalẹ̀. Ní àtijọ́, iyanrìn yìí a máa gbá jọ sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni ìjọba àwọn òyìnbó to òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, kí iyanrìn má bàa dí i mọ́. Ọkọ̀ ń wọlé lóòótọ́, èbúté Èkó sì di ohun tó dà. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí òkúta dá dúró jókòó sí apá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, kò rí iyanrìn gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkun kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí kò rí ti òkèèrè gbé, ti ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń bù gbé lọ, títí tó fi jẹ etíkun náà wọlé ju kìlómítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjọba kó iyanrìn dà síbẹ̀ tí òkun sì tún kó o lọ. Lónìí, ògiri òkúta ló dáàbò bo ibẹ̀, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ló sì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ òkun.

Ibí yìí gan-an ni ẹni tó ka jọ́gíráfì ti yàtọ̀ sí àwọn yòókù tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹnjiníà mọ bí a ṣe ń to òkúta tí kò ní yẹ̀. Lọ́ọ̀yà mọ bí a ṣe ń kọ ìwé ilẹ̀ tuntun náà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìpàdé tí yóò béèrè pé, iyanrìn tí a ń dá dúró níhìn-ín, ta ni yóò ṣaláìrí i gbà níwájú? Àwọn ará Okun Alfa ní ọ̀nà Lẹ́kkí ti ń ké tipẹ́ pé òkun ń gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní Ayétòrò, ìlú àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, èyí tí gbogbo ayé ń yìn nígbà kan fún ètò àjọṣe àti ìmọ́tótó rẹ̀, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, àwọn tó kù sì ń ṣí kiri lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Kò dá mi lójú pé ohun kan náà ló fa gbogbo rẹ̀, nítorí pé etíkun kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí a kọ́ láti tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kò yẹ ní ẹni tí à ń kẹ́dùn fún ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, jọ́gíráfì wà lára àwọn ẹ̀ka tí wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀. Ọdún kan náà yẹn ni Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ti ẹ̀ka jọ́gíráfì tirẹ̀ pa, mo sì máa ń sọ èyí fún àwọn tó gbà pé gbogbo ohun tí òyìnbó bá ti pa tì kò lérè. Láti inú ẹ̀ka Ìbàdàn ni Akin Mabogunje ti jáde, tó kàwé síwájú ní Lọ́ńdọ̀nù, tó padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn kan náà. Ìwé tó gbé jáde ní 1968 lórí àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà fi yé àwọn onímọ̀ ayé pé kí òyìnbó tó dé ni àwọn Yorùbá ti ń gbé ìlú ńlá, pé òwò, iṣẹ́ ọwọ́ àti àkóso ọba ló so ìlú wọ̀nyí ró, wọn kì í ṣe abúlé tó kàn fẹ̀. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé, láti 1980 sí 1984. Ní 2017, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Vautrin Lud, èyí tí àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì kà sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀bùn Nobel, nítorí Nobel kò ní ti jọ́gíráfì. Ó papò dà ní 2022. Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo bi kíláàsì mi kan bóyá ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló nawọ́, ó ní agbábọ́ọ̀lù ni.

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí kò ju ọ̀kan lọ: iṣẹ́ wo ni yóò fi ṣe? N kò ní parọ́ fún wọn. Ẹni tó ka òfin, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lára ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó ka jọ́gíráfì ni yóò fúnra rẹ̀ wá orúkọ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú àwa tí a jọ jáde, ọ̀kan wà nílé iṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, tí wọ́n ń pè ní NiMet. Àwọn méjì bá àjọ tó ń ka ènìyàn ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ló ń yan ibi tí ilé-iṣẹ́ fóònù yóò gbé òpó wọn sí. Àwa bíi mẹ́sàn-án di olùkọ́. Ọ̀kan ń ta sìmẹ́ǹtì, ó sì lówó ju gbogbo wa lọ. Àwọn kan a máa rán mi létí pé Theresa May tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 2016 sí 2019, jọ́gíráfì ló kà ní Oxford, àti pé Ọmọọba William fi ẹ̀kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ kó tó kà á ní St Andrews. Èmi kì í fi ti ọmọ ọba ṣe ẹ̀rí, nítorí kò sí ọmọ ọba tó ń wá iṣẹ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ń fi oògùn àjẹsára ránṣẹ́ sí òkè ọya tí àrùn náà kò sì lọ. Àwọn tó ń pín oògùn a máa tẹ̀lé máàpù tí wọ́n fi ọwọ́ yà, tàbí àkọsílẹ̀ orúkọ abúlé, abúlé tí kò bá sì sí nínú àkọsílẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ní rí oògùn lò, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún jáde. Láti bíi 2012 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òfuurufú wá gbogbo ibi tí ènìyàn ń gbé, dé orí agboolé mẹ́ta nínú igbó, wọ́n sì ń fi fóònù mọ ibi tí àwọn tó ń pín oògùn dé àti ibi tí wọn kò dé. Wọ́n rí abúlé tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àtìlẹ̀wá àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn tó kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ya máàpù tí nọ́ọ̀sì fi rí ilé ọmọ náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni à ń kọ́ ní ẹ̀ka jọ́gíráfì bí a bá ń kọ́ ọ dáadáa.

"Bí a bá ń kọ́ ọ dáadáa" ni ọ̀rọ̀ wà, Olóòtú. Ẹjọ́ àwọn aládùúgbò wa nìkan kọ́ ni mo wá rò. Ẹsẹ̀ ni a fi ń ka jọ́gíráfì, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún kẹta wa, ní 1984, wọ́n kó wa lọ sí abúlé kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Yàrá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a sùn sí, a sì há máàpù fún wa, irú èyí tí sẹ̀ǹtímítà 2 lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1 lórí ilẹ̀. Máàpù náà fi odò kékeré kan hàn, a rìn dé ibẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ ni a bá. A rò pé ẹni tó ya máàpù ló ṣì í. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ro oko nítòsí bi wá ohun tí à ń wá, nígbà tí a sì sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, inú ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni wọ́n ti ń wá omi yìí. Ẹ padà wá nínú oṣù kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá yín." Ó fi ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń pẹja hàn wá, ó sọ fún wa pé Àbàtà ni wọ́n ń pe gbogbo ibẹ̀, ó sì bi wá bóyá a mọ ohun tí àbàtà jẹ́. Ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ìlú kan, orúkọ àdúgbò ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, nítorí àwọn bàbá wa kì í sọ ibi kan ní Òkè tàbí Ìsàlẹ̀ tàbí Odò fún ìgbéraga lásán.

Mo gba ibẹ̀ kọjá ní bí ọdún 15 lẹ́yìn náà. Wọ́n ti gé gbogbo Àbàtà sí púlọ́ọ̀tì, àwọn onílé sì ti kọ́lé sí i, ilé tó dára, pẹ̀lú géètì. Òjò ọdún kejì ni omíyalé dé bá wọn. Kò sí ẹni tó bi ìyá àgbà léèrè, kò sì sí ẹni tó wo máàpù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé yẹn ló ṣẹlẹ̀ ní títóbi ní Ìbàdàn, nígbà tí odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tó sì gbé ènìyàn àti ilé lọ, àti nígbà tí òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tún pa ènìyàn tó lé ní 100 ní ìlú kan náà. Láàárín ìgbà méjèèjì, ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi kò dín kù, ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú odò kò sì dín kù.

Nísinsìnyí, ọmọ tí mo kọ́ ní girama, tó lọ ka jọ́gíráfì ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, sọ fún mi pé ní ọdún mẹ́rin tí òun lò níbẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n kó wọn jáde. Bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sí ìdí òkè kan ní òwúrọ̀, wọ́n ya fọ́tò, ó sì gbé wọn padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Owó tí wọ́n san fún ìrìn àjò náà, ó ní ó lè tó ti ọ̀sẹ̀ kan. Bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù, lórí pátákó ni wọ́n ti kọ́ ọ, nítorí kọ̀ǹpútà tó wà kò tó, iná kò sì dúró. Mo mọ̀ pé owó kò sí, mo sì mọ̀ pé olùkọ́ kan tó ń kọ́ 200 ọmọ kò lè kó wọn gun òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀kan náà láìbẹ̀rù. Síbẹ̀, Ìkògòsí níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé kò kúrò níbi tó wà. Òkúta Olúmọ kò kúrò níbi tó wà. Ọjà tó wà lẹ́yìn géètì yunifásítì, tí àwọn ọmọ lè lọ béèrè ibi tí tòmátì àti iṣu ti wá, kò gba owó bọ́ọ̀sì. Èto kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní QGIS, tí a fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tí kò bá lè ṣe ọ̀sẹ̀ méjì lè ṣe ọjọ́ Sátidé mẹ́rin. Àìsí owó kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. A ti gbà láàárín ara wa pé àjẹkù ni, a kì í sì í gbọn àwo fún àjẹkù.

Ilé-ìwé girama ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì jẹ́bi nínú rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn mi, máàpù kan péré ló kù nílé-ìwé wa, ẹ̀bá rẹ̀ ti ya, àwọn ọmọ sì ń yàgò fún jọ́gíráfì nínú WAEC nítorí pé wọ́n gbọ́ pé máàpù kíkà le. Ohun èlò tí a fi ń wọn òjò, tí mo gbé kalẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ẹnì kan gbé e lọ. N kò rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí ọmọ yín bá gba jọ́gíráfì, kí ẹ tó wá ẹni tí yóò yí i padà, ẹ lọ sí ẹ̀ka náà kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí àwọn ọmọ ń jáde lọ sí pápá, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àti bóyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya máàpù kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Bí ìdáhùn bá dára, ẹ jẹ́ kó dúró. Bí kò bá dára, ẹ bínú sí ẹ̀ka náà, kì í ṣe sí ẹ̀kọ́ náà. Mo sì ń bẹ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹgbẹ́ mi, kí wọ́n má ṣe sọ lójú àwọn ọmọ tuntun mọ́ pé àwọn mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n gbà. Wọ́n sọ ọ́ lójú ọmọ àbúrò mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ náà ti wọlé báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù, ó ní wọ́n ní kí oníkálukú wá máàpù ìlú rẹ̀, pé òun kò rí i rà. Mo ní ọ̀kan, láti ìgbà tí mo wà ní ọdún kẹta. Àwòrán tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fi ṣe é, àdúgbò tí a ń gbé lónìí kò tilẹ̀ sí lórí rẹ̀, igbó ni. Mo ká a, mo fi rọ́bà wé e, mo sì gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì. Nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó tún pè mí, ó ní bàbá, odò wo ló gba ẹ̀yìn ilé wa yìí?

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.